Ijó Jámánì lára àwọn oníjó Kánádà: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Ẹ ní àwọn ọmọ kíláàsì yín ń sín fídíò Kidd Pivot, ẹgbẹ́ oníjó Crystal Pite ará Kánádà, jẹ, ó sì dùn ún wò, àmọ́ kò jọ ti Pite rárá. Ẹ tún bèèrè ibi tí Jámánì ti wọ inú ijó ìgbàlódé Kánádà. Ìdáhùn kan náà ló wà fún méjèèjì.

Bí a bá ní ijó Jámánì, Pina Bausch ni gbogbo ayé máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là kí Bausch tó gba iṣẹ́ ọ̀gá ijó ní ìlú Wuppertal ní Jámánì lọ́dún 1973. Hanya Holm, ọmọ ẹ̀yìn Mary Wigman, ògbólógbòó oníjó Jámánì, ṣí ẹ̀ka ilé ẹ̀kọ́ ọ̀gá rẹ̀ ní New York ní 1931. Franziska Boas kọ́ lọ́wọ́ Holm, Françoise Sullivan ará Montreal sì kọ́ lọ́wọ́ Boas kó tó padà sílé, tó wá jó nínú yìnyín ní 1948. Ruth Sorel tó ti jó lọ́dọ̀ Wigman fúnra rẹ̀ dé Montreal ní 1944. Judy Jarvis gbéra ní Toronto, ó lọ bá Wigman ní Berlin láàárín àwọn ọdún 1960.

Ọ̀nà kejì gba ìlú Frankfurt ní Jámánì kọjá. Ọmọ British Columbia ni Pite. Ó wọ ẹgbẹ́ ijó Ballett Frankfurt lọ́dọ̀ William Forsythe, ọ̀gá ijó ibẹ̀, ní 1996, ó padà sí Vancouver ní 2001, ó sì dá Kidd Pivot sílẹ̀ ní 2002. Láti 2010 sí 2012, ilé eré Mousonturm ní Frankfurt ni ẹgbẹ́ náà fi ṣe ibùjókòó.

Ọ̀dọ̀ Rudolf Laban, olùkọ́ ijó tó kọ́ Wigman, ni ọ̀nà méjèèjì ti ṣẹ̀. Laban fi oníjó sáàárín àpótí kan tí a kò lè fojú rí, ó ní ibi kan ṣoṣo lára ni àárín rẹ̀. Forsythe gba àpótí náà, ó ní àárín lè wà níbikíbi: ìgbọ̀nwọ́, gìgísẹ̀, etí pàápàá. Ohun tí fídíò kò lè kọ́ àwọn ọmọ yín nìyẹn, torí ibi tí ìṣípòpadà dé ni wọ́n ń rí, wọn kò rí ibi tó ti gbéra.

Ẹ ṣe é báyìí. Kí oníjó rò pé igi tín-ín-rín kan wà láti ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún dé orúnkún òsì. Igi náà kò gbọdọ̀ tẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gùn sí i. Bí orúnkún bá yà, ìgbọ̀nwọ́ gbọ́dọ̀ bá a yà, ìyókù ara á wá àyè fún ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, kí igi náà máa kúrú díẹ̀díẹ̀ títí ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún á fi kanra. Kí wọ́n wá pààrọ̀ sí ọrùn ọwọ́ àti ìbàdí.

Àtẹ́lẹwọ́ ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Ọwọ́ la fi ń ṣe gbogbo nǹkan láti kékeré, nítorí náà òun ni yóò ṣáájú, ìgbọ̀nwọ́ á wá máa wọ́ tẹ̀lé e. Kí wọ́n ki ọwọ́ bọ abíyá fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ojú tún wà níbẹ̀: ẹni tó bá ń wo ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ọrùn rẹ̀ á le, eegun ẹ̀yìn kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ ní kí wọ́n wo ògiri.

Forsythe gbé fídíò ẹ̀kọ́ yìí jáde lórí CD ní 1999, wọ́n fa ìlà funfun sójú afẹ́fẹ́ níbi tí ara ń gbà. Ó wúlò gan-an, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ara wọn mọ igi náà ná kí ojú wọn tó rí i.

Bí ẹ bá fẹ́ ti ọ̀pọ̀ èèyàn, irú èyí tí Pite ṣe fún ẹgbẹ́ National Ballet of Canada nínú ijó Emergence ní 2009, ẹ na igi náà láti ìgbọ̀nwọ́ ẹnì kan dé èjìká ẹnì kejì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èèyàn mẹ́ta, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má sì tíì fi orin sí i.