Message, method, reflection: èwo ni èwo?

Àbúrò kan tó ń kọ́ Java, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, bi mí pé ṣé ohun kan náà ni method àti message, àti pé ṣé a lè máa pe reflection ní «dígí» lédè Yorùbá.

Wọn kì í ṣe ohun kan náà o. Bí onílù bá ní «Ẹ jó!» fún ìyàwó tuntun, fún bàbá arúgbó àti fún egúngún, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ, ṣùgbọ́n oníkálukú ló máa gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ohun tí onílù sọ ni message. Ijó tí oníkálukú mọ̀ ọ́n jó ni method, ìyẹn iṣẹ́ tí object, nǹkan inú ètò kọ̀ǹpútà, ń ṣe bí message bá dé bá a. Àwọn tó ṣẹ̀dá Smalltalk, èdè ètò kọ̀ǹpútà kan, ní ibùdó ìwádìí Xerox PARC láwọn ọdún 1970 ya méjèèjì sọ́tọ̀ gan-an, wọ́n tún ní selector, ìyẹn orúkọ lásán tí message ń jẹ́. Àwa oníJava la da gbogbo ẹ̀ pọ̀, a ní à ń «pe method».

Dígí ńkọ́? Ó bá a mu dé ìdajì. Nínú iṣẹ́ oyè tí Brian Cantwell Smith ṣe ní MIT lọ́dún 1982, ètò kọ̀ǹpútà kò kàn ń wo ara rẹ̀ lásán, ó lè yí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Obìnrin wo dígí, ó rí i pé gèlè òun wọ́: introspection nìyẹn. Dígí kò lè bá a tún gèlè we. Ọwọ́ tó tún un we ni intercession, àpapọ̀ méjèèjì sì ni reflection. Ti java.lang.reflect, ìyẹn àkójọ irinṣẹ́ reflection inú Java, tó dé pẹ̀lú JDK 1.1 ní 1997, wíwò ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. «Ìyẹra-ẹni-wò» ni èmi máa ń pè é.

Method tí getMethod, àṣẹ tó ń wá method lórúkọ nínú irinṣẹ́ yìí, bá gbé fún ọ kì í ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Èkù idà ni. Èkù kì í gé nǹkan, àmọ́ òun lo máa dì mú. Tí o bá ti pe invoke, àṣẹ tó ń mú method ṣiṣẹ́, idà á gé.

Signature, ohun tí a fi ń dá method kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn, ló kù, òun ló sì ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Ní Java, orúkọ method àti irú parameter (ohun tí a ń fún un láti fi ṣiṣẹ́) tó ń gbà ni. Irú ohun tó ń dá padà kò sí níbẹ̀. Inú descriptor, àpèjúwe method tí JVM (ẹ̀rọ tó ń mú ètò Java ṣiṣẹ́) ń lò, ni ìyẹn wà. Nítorí náà, bí o bá kọ clone (method tó ń ṣe ẹ̀dà object) tìrẹ tó ń dá irú kíláàsì rẹ padà, tí getDeclaredMethods, àṣẹ tó ń to àwọn method kíláàsì, wá kó clone méjì jáde, má ṣe jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu. Kọ̀ǹpáílà, ètò tó ń túmọ̀ ohun tí o kọ fún JVM, ló fi èkejì, tí descriptor rẹ̀ yàtọ̀, kún un. Bridge method ni wọ́n ń pè é.