Ṣé ó burú kí kíláàsì yoga máa tún ìdúró kan náà ṣe lójoojúmọ́?

Ẹ ní ní Súrùlérè tí ẹ ti ń ṣe yoga, ètò ìdúró yín, ìyẹn bí ẹ ṣe ń gbé ara sí ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, kò yí padà láti oṣù mẹ́ta, àmọ́ tíṣà ọ̀rẹ́ yín ní Yábàá ń pààrọ̀ tiwọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò burú rárá. Ọ̀nà yoga ló pọ̀.

Ashtanga, ọ̀nà yoga tí tíṣà kan, K. Pattabhi Jois, fi kọ́ni ní Mysore, ní Íńdíà, ní ètò tí kì í yí: ẹ mọ ìdúró tó kàn kí tíṣà tó lanu. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Bikram náà rí bẹ́ẹ̀, ìdúró 26 àti eré ìmí 2, fún 90 ìṣẹ́jú, nínú yàrá tó gbóná tó nǹkan bí 40°C. Ní ti ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní vinyasa flow, tíṣà ló máa ń to tirẹ̀ bó ṣe wù ú.

Àǹfààní àṣetúnṣe ni pé ara á ti mọ̀ ọ́n, ọkàn yín á wá ráàyè gbájú mọ́ èémí. Tí ọwọ́ yín kò kan ilẹ̀ lóṣù tó kọjá, tó wá kàn án lónìí, ẹ̀yin fúnra yín á rí i. Lọ́jọ́ tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá dá yín dúró, ẹ lè ṣe é nílé láìsí tíṣà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ẹ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Àmọ́ oríkèé kan náà ló ń ṣiṣẹ́ kan náà lójoojúmọ́. Tí èjìká tàbí ọrùn ọwọ́ bá ti ń dùn yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fara dà á. Ẹ sọ fún tíṣà kó bá yín pààrọ̀ ìdúró yẹn.