Hilux àtijọ́ tó ń gbóná lórí òkè: ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ń gbà lọ

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Hilux oní-pẹtiróòlù kan ni bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa, ti ọdún 1992. 22R ni wọ́n kọ sára ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Òun la fi ń kó iṣu àti àgbàdo láti oko wa lẹ́yìn Ọ̀mù-Àrán wá sí Ìlọrin. Láti ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti wọlé ló ti ń gbóná. Bí a bá di ẹrù tí a ń gun òkè, ọwọ́ géèjì á gbéra, á sún mọ́ ibi pupa. Bí a bá dé ibi tó tẹ́jú, á rọlẹ̀ díẹ̀. Mẹkáníìkì wa ti yọ tọ́mósítáàtì (fáàfù tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi móoru), ó ní kò wúlò nílẹ̀ olóoru, síbẹ̀ kò yí padà. Ní báyìí ó ní ká lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Àràárọ̀ ni mò ń bu omi sí i, ó máa ń tó lítà kan, mi ò sì rí ibi tó ń jò. Mo ní sípánà, mo lè tú nǹkan. Kí ni mo lè fọwọ́ ara mi ṣe kí n tó náwó?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ sì kú ìtọ́jú ohun tí bàbá fi sílẹ̀. Ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnnì kankan. Bí ẹ bá gbé ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ sídìí rédíétọ̀ tó ti dí, orí òkè kan náà ni yóò ti gbóná, owó yín á sì ti lọ. Omi lítà kan yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Omi kì í dédé pòórá. Bí kò bá jò sílẹ̀, á jẹ́ pé ó ń tú jáde lójú ọ̀nà, tàbí pé ẹ́ńjìnnì ń mu ún.

Kí n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni, ìgbà tí ọkọ̀ rẹ̀ máa ń gbóná ni mo máa ń bèèrè. Èyí tó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Gànmọ̀, tí ara rẹ̀ ń balẹ̀ tó bá ti bọ́ sí ọ̀nà gbalasa, fáànù ni kéèyàn fura sí, torí pé afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ló ń bá a ṣe iṣẹ́ tí fáànù kò ṣe. Èyí tí ara rẹ̀ le nígboro, àfi tó bá di ẹrù tó ń gun òkè, ooru tí ẹ́ńjìnnì ń mú wá ti ju èyí tí omi àti rédíétọ̀ lè gbé dànù lọ. Tiyín jọ ìkejì yìí. Ọ̀gbẹlẹ̀ kọ́ ló dá àìsàn yìí sílẹ̀, ó kàn tú u fó ni.

Ìdérí rédíétọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí pé òun ló rọ̀ jù lówó, òun sì làwọn èèyàn kì í kà sí. Àárọ̀ kùtù, nígbà tí gbogbo rẹ̀ tutù, ni kí ẹ ṣí i. Ẹ má dán an wò nígbà tó gbóná, kódà kí ẹ fi àkísà bọwọ́; mo ti rí ojú àti àyà tó bó. Ẹ dà á délẹ̀ kí ẹ wo inú rẹ̀. Rọ́bà roboto tó wà nísàlẹ̀ sípíríngì kò gbọdọ̀ sán, kò sì gbọdọ̀ le gbagidi. Ẹ fi èékánná fa fáàfù kékeré tó wà láàárín: ó yẹ kó wá, kó sì padà sáyè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lórí ìdérí Toyota àtijọ́, 0.9 ni wọ́n sáábà máa ń kọ. Agbára tí ìdérí fi ń tẹ omi mọ́lẹ̀ nìyẹn. Omi lásán máa ń hó ní 100 digiri. Èyí tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí á kọjá 115 kó tó hó. Bí sípíríngì bá ti rọ, omi á hó lórí òkè, á gbé ìdérí, á gba páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lọ́rùn rédíétọ̀ bọ́ sínú ike ìpamọ́ omi. Tí ike bá wà o. Ọ̀pọ̀ Hilux ọlọ́jọ́ orí yìí tó ń wọlé sọ́dọ̀ mi, ike ti sọnù tipẹ́, orí títì ni páìpù ń da omi sí. Ẹ ò ní rí i lágbàlá yín láé, torí pé ojú ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀ parí sí.

Ẹ wá ike kan, ẹ ki ẹnu páìpù náà bọ̀ ọ́ dé ìdí, ẹ so ó mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ bu omi díẹ̀ sí i kí ẹ sì fàmì sí ibi tó dé. Ẹ gbé ẹrù lọ sí Àjàṣẹ́ kí ẹ padà. Bí omi inú ike bá pọ̀ sí i tí rédíétọ̀ sì dín lẹ́yìn tó tutù, ìdérí ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Nọ́ńbà kan náà ni kí ẹ rà. Àwọn kan tó ń tà á ní òpópónà Táíwò, n'Ílọrin, á fẹ́ fún yín lèyí tó le jù bẹ́ẹ̀ pé ó dáa jù. Hóòsì àtijọ́ ni yóò bẹ́.

Bí omi inú ike kò bá yí padà, ó ku kí ẹ wá ibi tó ń jò. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì. Lábẹ́ ọ̀pá wọ́tà pọ́ńpù ihò kékeré kan wà. Bí ẹ bá rí ipa ìpẹtà tó ti gbẹ níbẹ̀, pọ́ńpù ti ń lọ. Ìgbà tó bá ń yí lójú ooru ló máa ń jò, fáànù á sì fẹ́ ẹ gbẹ kí ẹ tó dúró. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù (ara ẹ́ńjìnnì gan-an) níbi tí páìpù sáílẹ́ńsà ti jáde, torí pé omi tó bá jò síbẹ̀ kì í kán sílẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Ẹ fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ èrò náà, bóyá ó tutù: rédíétọ̀ kékeré ti hítà wà lẹ́yìn ibẹ̀.

Ẹ ò tún rí nǹkan kan? Nígbà náà la tó fura pé ẹ́ńjìnnì ń mu omi. Nígbà tó tutù, ẹ ṣí ìdérí, ẹ kún rédíétọ̀ dé ọrùn, ẹ tàn án, kí ẹlòmíì rọra tẹ iná. Èéhọ́ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kò burú. Èéhọ́ tí kò dáwọ́ dúró, tó ń ti omi jáde ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ iná, tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn, èyí tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù àti tọ́pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì. Ẹ tún yọ ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá ti dà bí ògì, omi ti bá a pò.

Síbi yìí, ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀, torí pé 22R ní àrékérekè kan tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í rántí. Ṣéènì ló ń yí káàmù rẹ̀ (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì), kì í ṣe bẹ́líìtì, pílásítíìkì ló sì ń tọ́ ṣéènì náà sọ́nà. Bí pílásítíìkì yẹn bá gbó tó já, ṣéènì á máa ha ara ìdérí iwájú ẹ́ńjìnnì títí á fi dá a lu, ibi tó sì ń dá lu yẹn gan-an ni omi ń gbà kọjá. Omi á wọnú ọ́ìlì láìjẹ́ pé tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì ṣe ohunkóhun. Èèyàn á wá tú tọ́pù, á ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ọ́ìlì á sì tún funfun. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo gbára-gbàra níwájú ẹ́ńjìnnì láàárọ̀, fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó dákẹ́, ẹ sọ fún ẹni tí yóò tú u kó wo ṣéènì. Ọ̀nà yòówù kí omi gbà débẹ̀, ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ rìn mọ́, torí pé ọ́ìlì olómi á jẹ bíárìn.

Ká ní ọ́ìlì mọ́, tí kò sì sí èéhọ́. Rédíétọ̀ fúnra rẹ̀ ló kù. Ẹ wà á títí á fi gbóná, ẹ pa á, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ wá ojú rédíétọ̀ láti òsì sí ọ̀tún. Òkè máa ń gbóná ju ìsàlẹ̀ lọ, ìyẹn kò burú. Bí ibì kan bá tutù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní ìpele kan náà sì ń jóni, àwọn páìpù ibẹ̀ ti dí. Omi kànga ni, àti omi bohóò tó le; bí ẹ ṣe ń bu lítà kan lójoojúmọ́ yẹn, èérún òkúta lẹ ń bù sí i. Àwọn tó ń ṣe rédíétọ̀ lè fi iná yọ orí rẹ̀, kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ gún páìpù kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da ẹ̀bù adíhò sí i. Ibi tó ń jò á dí, páìpù tó ṣẹ́ kù náà á sì dí. Kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ fọ koríko àti kòkòrò tó há sójú rẹ̀, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti da omi kó fi iwájú jáde.

Ẹ dá tọ́mósítáàtì padà. Mo mọ̀ pé àríyànjiyàn yóò wà. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní i kì í móoru bó ṣe yẹ láàárọ̀, ó ń mu pẹtiróòlù, inú rẹ̀ sì ń jẹ kíá. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, yíyọ rẹ̀ máa ń jẹ́ kí omi gba ọ̀nà ẹ̀bùrú padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀. Àmọ́ ẹ dán tuntun wò kí ẹ tó dè é, ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ẹ fi okùn fi í kọ́ sínú ìkòkò omi, kó má kan ìdí ìkòkò, ẹ gbé e kaná. 82 tàbí 88 ni wọ́n máa ń kọ sára rẹ̀: ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í là kí omi tó hó. Nígbà tí omi bá ń hó, ẹnu rẹ̀ yẹ kó ti yà tó mìlímítà 8. Bí ẹ bá ń dè é, ihò kékeré tó ní ìṣó nínú ni kó wà lókè, kí afẹ́fẹ́ lè ríbi jáde.

Fáànù kò pẹ́ wò. Pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì pípa, nígbà tó gbóná, ẹ fi ọwọ́ yí i. Bó bá ń yí lọ fúnra rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti kú. Bẹ́líìtì rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín. Bó bá wọlé ju sẹ̀ntímítà kan lọ dáadáa, ó ti dẹ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wà nípò, bíi lítà 8 ni omi tó gbà. Kí ìdajì jẹ́ kúláǹtì gidi, kí ìdajì jẹ́ omi tí wọ́n ń fi kún bátìrì (kì í ṣe ásíìdì o). Bí ẹ ò bá rí i, omi òjò tí ẹ gbè síta gbangba sàn ju ti kànga lọ. Ẹ gbé ọkọ̀ dúró kí imú rẹ̀ dojú kọ òkè, ẹ ṣí hítà, ẹ rọra máa bu omi láìde ìdérí títí hóòsì òkè á fi gbóná, kí ẹ tún bu kún un. Ẹni tó bá kánjú nídìí èyí, afẹ́fẹ́ ló ń dè mọ́nú.

Tọ́pù nìkan ni n kò ní ní kí ẹ tú fúnra yín. Irin búlọ́ọ̀kù àti alumíníọ̀mù tọ́pù kì í wú bákan náà lójú ooru, ìdí nìyẹn tí tọ́pù fi máa ń wọ́. Ó gba kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń rẹ́ ẹ tẹ́.

Títí ẹ ó fi parí iṣẹ́ yìí, ẹ dín ẹrù kù, ẹ sì fi jíà kékeré gun òkè kí géèjì tó gbéra. Bó bá gbéra, ẹ ṣí hítà dé òpin kódà bí òógùn yóò bò yín, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ jẹ́ kó máa dún díẹ̀. Bí ooru omi bá ti ń rú sókè, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ dúró tó wákàtí kan, ẹ má da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì tó gbẹ tó sì ń jóná, ibẹ̀ ni tọ́pù ti máa ń sán.