Iná bíréèkì tó ń jó fíùsì: ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ fíùsì 30 yẹn kúrò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Corolla tòkunbọ̀ ni mò ń wà n'Íbàdàn níbí. Iná bíréèkì mi ló ń jó fíùsì, tí mo bá fi tuntun sí i, tí mo tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan báyìí, ó ti lọ nìyẹn. Ríwáyà àdúgbò wa wá fi fíùsì 30 sí i, ó sì ń tàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àmọ́ mò ń gbóòórùn bíi rọ́bà tó ń jó nínú mọ́tò. Fíùsì wo ni mo lè rà tó lágbára tí ò ní máa jó? Àbí súìṣì bíréèkì ni kí n pààrọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ lọ yọ fíùsì 30 yẹn kúrò ná kí ẹ tó ka ìyókù. Mi ò ṣàwàdà o. Òórùn rọ́bà tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ara wáyà ló ń yọ́, tí ẹ bá sì máa gbé mọ́tò yẹn sùn lónìí, ẹ tú orí bátìrì sílẹ̀.

Kò sí fíùsì kankan tó lágbára tí ò ní máa jó. Kó jó gan-an ni iṣẹ́ ẹ̀! Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan ò ní bi mí ní ìbéèrè yìí, ẹlòmíì á ní wáyà lòun tiẹ̀ wé mọ́ ọn, ẹlòmíì bébà sìgá tó ń dán yẹn ló ká síbẹ̀, wọ́n á tún máa dúpẹ́ pé iná ti tàn. Ẹni tó ń pariwo pé olè wà nínú ilé lẹ fi aṣọ dí lẹ́nu yẹn, olè ṣì wà nínú yàrá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Gílóòbù ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ní okùn méjì nínú, èyí tó kéré ń tan páàkì, èyí tó tóbi ń tan bíréèkì, wáàtì 21 sì ni èyí tó tóbi yẹn. Bátìrì yín jẹ́ fóòtì 12. Ẹ pín 21 sí 12, ẹ ò ní rí áńpù 2. Áńpù la fi ń wọn kọ́rẹ́ńtì tó ń kọjá, òun náà ni 10 tàbí 30 tí wọ́n kọ sára fíùsì. Ọ̀tún àtòsì jẹ́ áńpù mẹ́ta ààbọ̀, ẹ wá fi iná kẹta tó wà láàárín ẹ̀yìn mọ́tò kún un, ká tiẹ̀ ní wáàtì 21 lòun náà, gbogbo ẹ̀ ò ju áńpù márùn-ún àti díẹ̀ lọ. Fíùsì 10 nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìlọ́po méjì ohun tí iná yẹn ń mu. Tí 10 bá wá ń jó, tí 15 náà ń jó, ṣé ẹ ṣì máa sọ pé fíùsì ló kéré ni? Kọ́rẹ́ńtì ti rí ọ̀nà ẹ̀bùrú, ó ń lọ sára bọ́dì láì gba inú gílóòbù kọjá.

Ìdí tí 30 fi dúró nìyí. Ibi tí wáyà ti bó tó ń kan bọ́dì yẹn, ó ṣeé ṣe kó má kàn án dáadáa, kó jẹ́ bí áńpù 20 ló ń gba ibẹ̀ lọ. Fíùsì 10 rí i, ó já lójú ẹsẹ̀. Lójú 30, 20 ò tíì tó nǹkan, ó jókòó. Wáyà tó ń gbé iná bíréèkì lọ sẹ́yìn sì rèé, tín-ín-rín báyìí ni, wọn ò ṣe é fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rárá, òun ló wá ń gbóná dípò fíùsì. Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ló gbà, ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ yín, òun àti ogún wáyà mìíràn tí wọ́n jọ dì pọ̀. Tó bá yọ́, kò ní dá yọ́. Áńpù 30 lórí fóòtì 12, wáàtì 360 nìyẹn, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì!

Nọ́ńbà tó yẹ kẹ́ ẹ lò wà lára ìdérí àpótí fíùsì, níbi tí wọ́n kọ STOP sí. Pupa ni 10, búlúù ni 15, yẹ́lò ni 20, àwọ̀ ewé ni 30. Èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí i, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti súìṣì, ẹ fi owó yín pamọ́ ná. Súìṣì tó bàjẹ́ kì í sábà jó fíùsì. Ohun tí ẹ máa rí ni pé fíùsì wà láàyè àmọ́ iná ò tàn, tó bá jẹ́ ọtomátíìkì, gíà lè kọ̀ láti kúrò ní P. Tàbí kí iná máa tàn láìtẹ bíréèkì títí bátìrì á fi kú mọ́jú, ẹ sì tún wo rọ́bà kékeré orí pẹ́dà tí súìṣì ń tì lára, ó máa ń gbó, á já bọ́ sílẹ̀, àwọn èèyàn á wá lọ ra súìṣì tuntun lásán.

Ibi tí èmi á kọ́kọ́ wò nínú mọ́tò yín ni búùtù. Ṣé ẹnì kan ti de sípíkà tàbí amplifier mọ́ ẹ̀yìn yẹn? Ìṣó sípíkà ti gún wáyà bíréèkì lójú mi àìmọye ìgbà. Ṣé wọ́n ti gbá mọ́tò yẹn lẹ́yìn rí tí panel beater ṣe é? Ṣé ẹ de tracker tàbí alámù, tí wọ́n bó wáyà bíréèkì kí wọ́n tó so ó mọ́ ọn? Tí iná kẹta bá wà lára ìdérí búùtù, ẹ wo ibi tí wáyà ti ń ká tí ẹ bá ṣí i. Ẹ yọ gílóòbù náà wò, ẹlòmíì máa ń fipá ki olókùn kan sójú olókùn méjì, ìdí ẹ̀ á wá so ojú méjèèjì pọ̀.

Bí a ṣe ń wá a láìjó fíùsì dànù nìyí. Ẹ yọ gbogbo gílóòbù bíréèkì, títí kan ìkẹta. Ẹ wá gílóòbù wáàtì 21 kan, ẹ so wáyà méjì mọ́ ọn, ẹ fi í sí ojú ibi tí ẹ ti yọ fíùsì. Kò ní jẹ́ kí kọ́rẹ́ńtì ju áńpù 2 lọ, wáyà ò ní gbóná. Tó bá tàn rokoṣo láì tíì tẹ bíréèkì, àárín fíùsì sí súìṣì ni wàhálà wà. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹnì kan tẹ bíréèkì ló tàn, ó ti kọjá súìṣì nìyẹn, ẹ máa yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ẹ máa mi wáyà títí gílóòbù tó wà lójú fíùsì yẹn á fi kú. Ibi tó ti kú gan-an ni kẹ́ ẹ tú.

Mi ò rí mọ́tò yín o, ohun tí ẹ kọ ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Tí ọwọ́ yín ò bá dá a mọ̀, ẹ gbé e fún ẹni tó ní mítà tó sì mọ̀ ọ́n lò. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹ́lò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ti airbag ni. Títí wọ́n á fi ṣe é, ẹ má gbé e dé márosẹ̀ Èkó, trailer tó wà lẹ́yìn yín ò ní mọ̀ pé ẹ ti tẹ bíréèkì, ká má tíì sọ ti àwọn Road Safety.

Ẹ sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é pé kó ṣí kápẹ́ẹ̀tì, nítorí ọ̀sẹ̀ kan tí 30 ti wà níbẹ̀, wáyà mìíràn lè ti yọ́ mọ́ ọn. Kó gé ibi tó bàjẹ́ dànù, kó fi wáyà tó nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀ sí i, kó jó o ní lẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe kó kàn lọ́ ọ pọ̀ kó wé tépù. Kó fi fíùsì tí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀ sára ìdérí yẹn sí i, kó tẹ bíréèkì ní ojú yín dáadáa, kó sì fi wáyà tó gé kúrò hàn yín kẹ́ ẹ tó sanwó.