Láti ìrù ni kó o ti gé e, má fọwọ́ kan orí ẹ̀

Àbúrò, mo rí ìbéèrè ẹ. O ní Ubuntu nìkan ló wà lórí láptọ́ọ̀pù ẹ, òun ló gba gbogbo háàdì dísìkì 500 GB yẹn látòkè délẹ̀, wọ́n wá fún yín níṣẹ́ níléèwé tó gba AutoCAD, AutoCAD ò sì sí fún Linux, o wá fẹ́ fi Windows sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láìjẹ́ pé fáìlì kankan sọnù. Ó ṣe é ṣe. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin báyìí, àmọ́ ti àkọ́kọ́ yẹn, háà.

Parakin n'Ífẹ̀ ni mò ń gbé nígbà yẹn, mo máa ń bá àwọn ọmọ iléèwé táìpù ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lágere. Ẹnì kan sọ fún mi pé tí mo bá fẹ́ kí Windows yá, iwájú háàdì dísìkì ni kí n fi sí, lèmi náà bá ṣí GParted, ètò tí wọ́n fi ń pín háàdì dísìkì, mo gé 80 GB kúrò níwájú páátíṣàn (ìpín háàdì dísìkì) ńlá tí gbogbo nǹkan mi wà. Mi ò mọ̀ pé tó o bá ti lè fọwọ́ kan ibi tí páátíṣàn ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ló máa kó dìde tí á máa sún un sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kó àgbàdo abà kan lọ sí abà kejì tó jẹ́ pé igbá kan ṣoṣo ló ní. Ó ní wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ ló máa gbà. Báátìrì mi sì ti kú tipẹ́, tí wáyà bá ti yọ láptọ́ọ̀pù ti kú nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Ífẹ̀ ti mọ ìyókù. Ó ti ṣe ju ìdajì lọ, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wà níta o, àmọ́ kí ni jẹnẹrétọ̀ fẹ́ ṣe fún nǹkan tó ti kú?

Nígbà tí mo tàn án padà, grub rescue ni mo rí lójú ẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ ò rí Ubuntu tan mọ́. Páátíṣàn yẹn ò ṣe é ṣí mọ́, ìdajì wà níbi tuntun, ìdajì wà níbi àtijọ́. Iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀. PhotoRec, ètò tó ń wá fáìlì tó sọnù, ni mo fi wá wọn, ó bá mi kó fáìlì jáde lóòótọ́, àmọ́ kì í dá orúkọ wọn padà, nọ́ńbà lásán ló kọ sí wọn lára, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí mẹ́ta. Ìkẹrin, inú ìwé tí olùkọ́ ẹ̀ ti fi bírò pupa kọ nǹkan sí ni mo ti tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò sì lè gbójú sókè wo ọmọ yẹn.

Nítorí náà kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tó ò fẹ́ kó sọnù sórí háàdì dísìkì míì, kì í ṣe páátíṣàn míì lórí èyí kan náà o. Lẹ́yìn náà ki Ubuntu sórí fíláàṣì, fi fíláàṣì yẹn tan ẹ̀rọ, mú Try Ubuntu. Ọ̀bẹ kì í gbẹ́ èkù ara ẹ̀, Ubuntu tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ò lè gé ilẹ̀ tó dúró lé. Nínú GParted, tó o bá rí àmì kọ́kọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páátíṣàn, ó ṣì wà ní lílò nìyẹn, fi Unmount tú u sílẹ̀ ná, má pa á rẹ́ o. Wò ó bóyá ext4 ni irú ètò fáìlì tó wà lórí ẹ̀, torí òun ló ṣe é dín kù, irú tí wọ́n ń pè ní XFS ò gbà fún ẹ. Wá fa ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ẹ̀ wọlé, ìyẹn ìrù ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì má ṣe é ní nǹkankan. Èyí kì í sábà pẹ́. Windows 11 ní ó kéré tán 64 GB, àmọ́ AutoCAD máa jẹun, fún un ní 120. Fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, má fọ́máàtì ẹ̀.

Kó o tó ki Windows, wò ó bóyá /sys/firmware/efi wà nínú Ubuntu ẹ. Tó bá wà, UEFI (ọ̀nà tuntun tí ẹ̀rọ fi ń tan) lò ń lò, fi UEFI tan fíláàṣì Windows náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ní òun ò lè wọ GPT, ìyẹn bí wọ́n ṣe pín háàdì dísìkì yẹn. Mú Custom, ibi tó kọ Unallocated Space sí nìkan ni kó o tẹ̀. Páátíṣàn kékeré FAT32 tó wà níwájú yẹn, má pa á rẹ́, Ubuntu àti Windows ló máa jọ lò ó láti tan.

Tó o bá parí tó ò rí Ubuntu mọ́, má ké sí ẹnikẹ́ni. Windows ló to ara ẹ̀ síwájú, wọ BIOS (ojú ètò tó máa ń ṣí kí ẹ̀rọ tó tàn tán) kó o gbé ubuntu ṣáájú. GRUB (ohun tó ń jẹ́ kó o yan èyí tó o fẹ́ tan) láti ẹ̀dà 2.06 kì í fúnra ẹ̀ wá Windows mọ́, fi GRUB_DISABLE_OS_PROBER=false sínú /etc/default/grub, kó o ṣe sudo update-grub. Pa Fast Startup nínú Windows, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Ubuntu á máa ka fáìlì Windows láìlè kọ nǹkan sí i. Agogo Windows á sì máa fi wákàtí kan rẹ̀yìn (mo ti torí ẹ̀ pẹ́ dé ibi tí wọ́n ti ń dúró dè mí), timedatectl set-local-rtc 1 nínú Ubuntu ló ń wò ó sàn.

O ò sì sọ bí báátìrì ẹ ṣe rí. Tó bá jẹ́ oníwáyà bíi tèmi, wá ẹni tó ní ínfátà kó o lọ ṣe é lọ́dọ̀ ẹ̀. Ṣe lsblk -f àti df -h nínú Terminal Ubuntu ẹ báyìí, fi ohun tó bá sọ ránṣẹ́ ká jọ wò ó, má tíì tẹ Apply nínú GParted, òun ló ń mú kó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e lóòótọ́.