Ṣé kí n ra kápúsù p53?

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Láàbù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi kan ń ta kápúsù tó ní ó ń mú p53 pọ̀ sí i lára, àti pé p53 yìí ló ń lé jẹjẹrẹ sá. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì sanwó.

Purotéènì ni p53, jíìnì (ìlànà àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) tí wọ́n ń pè ní TP53 ló ń mú un jáde. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yín ń ṣe é bí ẹ ti ń kàwé yìí, ṣùgbọ́n purotéènì mìíràn, MDM2, ń fà á lé ìparun lọ́wọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó jọ ìnákúnàá lójú, àbí? Àmọ́ bí ìtànṣán X-ray, fún àpẹẹrẹ, bá já okùn DNA tí àwọn jíìnì wà lára rẹ̀, purotéènì ATM á sàmì sí p53 lára, MDM2 ò sì ní rí i dì mú dáadáa mọ́. Kíá ni p53 á pọ̀. Á jí jíìnì p21, p21 á dá pípín sẹ́ẹ̀lì dúró kí àtúnṣe lè ráyè. Bí ìbàjẹ́ bá kọjá àtúnṣe, á jí jíìnì PUMA àti BAX, sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún á sì pa ara rẹ̀.

Ṣé irú èyí lẹ fẹ́ kó máa pọ̀ lójoojúmọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì tí nǹkan kan ò ṣe? Ní 1995, wọ́n yọ jíìnì MDM2 kúrò lára eku. Inú oyún ni àwọn ọmọ eku náà kú sí. Nígbà tí wọ́n yọ ti p53 mọ́ ọn, a bí wọn láàyè.

Èmi ni mo máa ń fi àwọ̀ kun ẹran ara tí dókítà bá gé wá sí láàbù, tí a fi ń wá p53. Lára sẹ́ẹ̀lì tó pé, agbára káká ni àwọ̀ fi ń hàn. Níbi tí mo bá ti rí i tó ṣú búráùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọkàn mi kì í balẹ̀: lọ́pọ̀ ìgbà, p53 tó ti bàjẹ́ ló kún ibẹ̀ bámúbámú, tí kò lè ṣiṣẹ́. Àní, nítorí pé ó pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ni àwọn tó rí i ní 1979 fi rò pé òun ló ń fa àrùn náà. 1989 ni ọ̀rọ̀ yí padà: wọ́n rí i pé ńṣe ni p53 tó pé ń dènà jẹjẹrẹ. Nǹkan bí ìdajì jẹjẹrẹ ènìyàn ni TP53 ti bàjẹ́ nínú wọn.

Bí jẹjẹrẹ bá ti mú ẹni bíi mélòó kan nínú ìdílé yín, pàápàá àwọn ọmọdé, ẹ sọ fún dókítà. Wọ́n lè fi ẹ̀jẹ̀ yẹ TP53 yín wò. Ẹ fi owó kápúsù sápò.