Màmá mi ti ń pè mí ní Injiníà, mo sì ti fẹ́ sá kúrò

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ. O ní o wà ní 100 level, ẹ̀ka Mechanical Engineering, ní yunifásítì kan ní Adó-Èkìtì. Ní Ẹ̀fọ̀n tí o ti ṣe girama, ìwọ ló máa ń gba ipò kìíní. Ní báyìí, o gba 11 nínú 30 nínú tẹ́sìtì ìṣirò, drawing, ìyẹn yíya àwòrán ẹ̀rọ, kò yé ọ rárá, ó sì ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o ti dé kíláàsì rẹ̀ gbẹ̀yìn. Màmá rẹ tó ń ta iyán ń sọ fún àwọn oníbàárà pé, "Injiníà mi wà ní Adó." O fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, o wá ń bi mí bóyá ọpọlọ rẹ ni kò gbé e.

Ọpọlọ rẹ gbé e. Ní girama, tíṣà lè fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe ohun kan ṣoṣo, kó sì tún kọ nóòtì fún yín. Lẹ́kọ́rà á sáré kọjá ohun kan náà láàárín wákàtí kan, níwájú èrò rẹpẹtẹ. O ń wo bọ́ọ̀dù, ó dà bíi pé ó ń yé ọ. O dé yàrá, o gbé bírò, ọwọ́ ò gbọ́.

Ọmọ oníyán ṣáà ni ọ́. Ta ló fi wíwò kọ́ iyán gígún? Lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ di ọmọ odó mú, kókó ló kún inú iyán náà, apá sì ń ro ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní o kò lọ́pọlọ. Bí ìṣirò ṣe rí nìyẹn. Mú èyí tí wọ́n ṣe ní kíláàsì, da ìbéèrè rẹ̀ nìkan kọ sórí ìwé òfìfo, bo ìdáhùn mọ́lẹ̀, kí o ṣe é dópin fúnra rẹ. Ibi tí ọwọ́ rẹ bá ti dúró, ibẹ̀ gan-an ni kò yé ọ. Sàmì sí i. Tí o bá lọ bá ẹnìkejì rẹ pé "ìṣirò ò yé mi", kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá bi í pé "báwo ni ìlà kẹta yìí ṣe di ìkẹrin?", ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa gbà á. Abèèrè kì í ṣìnà.

Máàkì yẹn náà kò tíì bàjẹ́. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, tẹ́sìtì ló ní 30, ìdánwò ló ní 70. Tí o bá rí 39 nínú 70, ó di 50, C nìyẹn. Tí o bá rí 49, ó di 60, o ti gba B. Má jẹ́ kó di carry-over o, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí o fèèlì tí wàá tún padà ṣe, nítorí orí ìṣirò ọdún kìíní ni ti ọdún kejì dúró lé. Kí o sì padà sí kíláàsì drawing lọ́la. Ẹni tí kò bá wá tó ìdá 75 nínú 100, wọ́n lè má jẹ́ kó jókòó ṣe ìdánwò.

Lórí drawing yẹn, gé iṣu tútù bíbó kan. Fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ kó rí bí ohun tí wọ́n yà sínú ìbéèrè, pẹ̀lú àtẹ̀gùn àti ihò rẹ̀. Gbé e sórí tábìlì. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí o wò ó láti iwájú, di ojú kan, kí o ya ohun tí o rí. Dìde dúró, wò ó láti òkè, ya ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà, wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà to àwòrán wọ̀nyí sórí ìwé. Bí wọ́n bá ní third angle, èyí tí o rí láti òkè yóò wà lókè ti iwájú. Bí ó bá jẹ́ first angle, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni. Lẹ́yìn iṣu bíi mẹ́rin, ojú inú rẹ yóò ti máa rí i láìsí iṣu.

Jẹ́ kí n sọ ti àbúrò mi fún ọ. Òun náà ka ìmọ̀ ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ kan mo yà sí yàrá rẹ̀ láìsọ fún un, mo rí drawing board lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi T-square, rúlà gígùn tó rí bí T, sá ṣòkòtò. Mo bi í, ó ní àwọn ti parí iṣẹ́ náà. Irọ́ ni. Ó ti tó ọdún kan tí kò ti fọwọ́ kàn án, ó sì ń sọ fún ìyá wa lórí fóònù pé dáadáa ni. Ọdún méje ló fi ṣe kọ́ọ̀sì ọdún márùn-ún. Nígbà tó yá ló wá sọ fún mi pé ìtìjú ló pa òun: bí òun bá ti rí ọmọ kíláàsì kan, òun á gba ọ̀nà mìíràn. Ó ṣì ń dùn mí pé n kò tètè béèrè dáadáa.

Àwa ará Èkìtì fẹ́ràn ìwé, a sì máa ń fi ọ̀jọ̀gbọ́n ìlú wa yangàn. Ó dára, àmọ́ ó máa ń mú kí ọmọ tó bá kọsẹ̀ fi ara pamọ́. Ìwọ má fi pamọ́. Pe màmá rẹ lálẹ́ ọjọ́ tí ọjà bá ti tú, tó ti fọ odó. Sọ fún un pé, "Mọ́mì, ibí le ju bí mo ṣe rò lọ, mo gba 11, ṣùgbọ́n mo ti padà sídìí rẹ̀." Ẹni tó ń jí gúnyán kó tó rí owó ilé ìwé rẹ san kò ní ṣàìmọ ohun tó le.

Ìwọ sùn, kí o sì jẹun. TDB ojoojúmọ́ tí ẹ fi ń yangàn yẹn, ìyẹn kíkàwé mọ́jú, orí kì í gba nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn òru kẹta. Tí ọdún yìí bá parí, tí o ti ṣe é tọkàntọkàn, tó sì hàn sí ọ pé ohun mìíràn ni ọkàn rẹ fẹ́, béèrè nípa fọ́ọ̀mù láti yí ẹ̀ka padà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Má ṣáà pinnu rẹ̀ nísinsìnyí tí ẹ̀rù ń bà ọ́.

Bí ẹ bá ti ṣe tẹ́sìtì kọ́ọ̀sì mìíràn, kọ̀wé sí mi. Kọ máàkì tí o gbà síbẹ̀, ì báà jẹ́ 9.